Idán Inú Agbo, Ọ̀ràn Ẹ̀yìn Agbo

Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1976, àwọn tó ń wo eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Columbo lórí tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà rí onídán kan tó ń jẹ́ Great Santini. Wọ́n tì í mọ́ inú àpótí, wọ́n sì ri àpótí náà sínú omi lójú gbogbo èrò tó kún ilé ìgbafẹ́. Ohun tí èrò yẹn kò mọ̀ ni pé àpótí náà ti ṣófo. Santini ti yọ́ gba ìsàlẹ̀ jáde, ó ti múra bí agbáwo, ó ti gba ilé ìdáná kọjá, ó sì ti yìnbọn pa ọ̀gá ilé ìgbafẹ́ náà. Ọkùnrin yìí ló ń fi àṣírí àtijọ́ onídán náà gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé Santini ti ṣe ẹ̀ṣọ́ ọgbà ìdálóró fún àwọn Nazi kó tó sá dé Amẹ́ríkà, tó sì yí orúkọ padà. Nígbà tí wọ́n máa fa àpótí sókè, ó ti padà sí ààyè rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá bi í pé níbo lo wà nígbà tí ìbọn dún, gbogbo ilé ló máa bá a dáhùn pé abẹ́ omi ló wà, ojú àwọn ló ṣe.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, eré mìíràn tó lókìkí, Murder, She Wrote, fi sákọ́ọ̀sì ṣí ọdún kẹta rẹ̀. Apá méjì ni wọ́n pín ìtàn náà sí, orúkọ rẹ̀ sì ni Death Stalks the Big Top. Jessica Fletcher, opó tó ń kọ ìwé ìtàn ọ̀daràn, tí Angela Lansbury ń ṣe, ló ń wá Neil, ọmọ ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ti gbà pé ó ti kú. Inú sákọ́ọ̀sì kan tó ń ti ìlú dé ìlú ló ti bá a, ó ti kun ojú, ó ti di apanilẹ́rìn-ín. Wọ́n pa ẹnì kan níbẹ̀, ìfura sì rọ̀ mọ́ Neil. Àwọn eré ọ̀daràn tó pẹ́ lórí afẹ́fẹ́ kì í ṣàì ya ibi báyìí lẹ́ẹ̀kan, bí kò bá jẹ́ àgọ́ sákọ́ọ̀sì, á jẹ́ orí ìtàgé onídán. Ẹni tó bá fẹ́ wá àlàyé tó yá yóò sọ pé ẹwà ibẹ̀ ló fà á: aṣọ aláràbarà, erin, ẹṣin, ẹni tó ń rìn lórí okùn. Òótọ́ ni, ẹwà náà ń mú èrò wá. Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan kọ́.

Ibi tí ènìyàn ti ń sanwó kí wọ́n lè tan òun jẹ ni sákọ́ọ̀sì. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé obìnrin tí wọ́n fi ayùn rẹ́ sí méjì kò gé. Onídán náà mọ̀ pé ó mọ̀. Àdéhùn tó wà láàrin àwọn méjèèjì ni pé kí ẹnikẹ́ni má tú u. Ọ̀daràn náà ń tan ni jẹ, àmọ́ kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn kankan. Nígbà tí eré tẹlifíṣàn bá gbé òkú sí àárín sákọ́ọ̀sì, ẹ̀tàn méjèèjì yìí ló kó sí ojú kan, iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì di pé kó ya ti ọ̀daràn kúrò lára ti òṣèré. Ìyàsọ́tọ̀ yìí ni mo rí i pé ó ti sọnù nínú eré ọ̀daràn tí a ń ṣe lédè Yorùbá, ó sì dùn mí, nítorí pé àwa la ti mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ sákọ́ọ̀sì létí wa.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1826, nígbà tí àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò, Hugh Clapperton àti Richard Lander, dé Ọ̀yọ́ Ilé, tí wọ́n pè ní Katunga nínú ìwé wọn. Aláàfin ní kí àwọn òṣèré ṣeré fún àlejò. Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn kan ṣe wọ inú àpò tí wọ́n ń jó tí wọ́n ń tàkìtì, bí òjòlá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14 ṣe jáde tó sì ń wọ́ káàkiri bí ejò gidi. Èyí tó kẹ́yìn ni òyìnbó: ẹnì kan tó funfun báláú, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò lè rìn dáadáa láìwọ bàtà, tó ń gbọ̀n nítorí òtútù, tó ń fa áṣáà símú. Èrò rẹ́rìn-ín títí. Kò sí ọmọ Ọ̀yọ́ kan níbẹ̀ tó rò pé aṣọ tí wọ́n rán ti di òjòlá tó lè gbé ọmọ òun mì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó dìde láti tú aṣọ náà wò. Nínú òye yẹn ni gbogbo adùn eré náà wà. Joel Adédèjì, tó fi ìwádìí lórí eré alárìnjó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1969, fi hàn bí iṣẹ́ yìí ṣe ti inú orò egúngún jáde wá, tó gba ààfin kọjá, tó sì di iṣẹ́ àwọn tó ń ti ìlú dé ìlú: eégún aláré, apidán, alárìnjó. Nígbà tí wọ́n fi máa di alárìnjó, òṣèré mọ ibi tí orò parí sí àti ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀, olùwòran náà sì mọ̀ ọ́n. Ní àdúgbò Ọ̀fà níbí, ẹni tó bá ti rí eégún Ẹlẹ́wẹ ti àwọn ará Ìgbómìnà nígbà tó bá ń fò tó ń yí bí òòyì mọ ohun tí mò ń sọ. A ń wo ara ènìyàn tó ń ṣe ohun tí ara ènìyàn kì í sábà lè ṣe, a sì ń bọ̀wọ̀ fún aṣọ tó bò ó.

Nígbà tí ayé di ayé gbọ̀ngàn àti tẹlifíṣàn, ẹni tó gbé idán dé iwájú gbogbo Nàìjíríà ni Professor Peller. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1941, ó ka apá kan nínú ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìlọrin, ó sì dé Íńdíà láti lọ kọ́ iṣẹ́ náà sí i. Lady Peller, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń wọ inú àpótí. Àwọn agbébọn wọlé pa Peller ní Èkó ní ọdún 1997. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé kí ló dé tí onídán ńlá bẹ́ẹ̀ kò fi pòórá, ẹni náà ti da ẹ̀tàn méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Peller kò fìgbà kan ṣèlérí pé ìbọn kò ní ran òun. Àwa tí a jókòó síwájú rẹ̀ nìkan ló bá ṣe àdéhùn. Ìbéèrè tó tọ́ sí òkú rẹ̀ ni ti ọlọ́pàá: ta ló rán wọn, ta ló rí wọn, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà lọ?

Kí la wá ṣe sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú eré tiwa? Jimoh Aliu, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Àwòrò, fún wa ní Arélù àti Yánpan Yánrin lórí tẹlifíṣàn. Fadéyì Olóró ń pọfọ̀ débi pé ọmọdé ń sá wọ abẹ́ àga, Òrìṣàbùnmí, ọmọ Ọlla ní Ìpínlẹ̀ Kwara níbí, sì ń dá a lóhùn pẹ̀lú ohùn tí kò gbọ̀n rárá. Gbogbo wọn ti lọ: Jimoh Aliu ní 2020, Òrìṣàbùnmí ní 2021, Fadéyì ní 2023. N kò ní sọ̀rọ̀ àbùkù kan sí iṣẹ́ wọn. Ìtàn agbára àti ìkà ni wọ́n ń sọ, ọfọ̀ sì ni èdè tó yẹ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé wọn ló ṣi nǹkan gbé. Wọ́n gbé ọfọ̀ wọ inú ìtàn olè àti apànìyàn, wọ́n sì fi rọ́pò ìwádìí. Wọ́n jalè lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, babaláwo wo inú omi, ó dárúkọ olè. Wọ́n pa ènìyàn, ọlọ́pàá dé, ó pariwo, ó gba rìbá, ó lọ. Ní ìparí ni apànìyàn bọ́ sí ìkóríta tó ń ká bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, tó ń ka gbogbo ohun tó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Kò ní láti ronú pé ta ló ní kọ́kọ́rọ́, ta ló purọ́ nípa aago tó dé ilé, èwo nínú àwọn ẹlẹ́rìí ló dúró síbi tí kò ti lè rí ohun tó sọ pé òun rí.

Àdánù ibẹ̀ kọjá ti adùn eré. Ẹni tó bá wo irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún yóò gbà láìmọ̀ pé òótọ́ máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, àti pé tí ọkàn bá ti fura sí ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá àgbà tó ń dá gbé ní ẹ̀yìnkùlé ló sábà máa ń fi orí fá irú èrò bẹ́ẹ̀. Ìfura kọ́ ni ẹ̀rí, àwọn baba wa sì ti sọ pé agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Wọ́n á ní àṣà òyìnbó ni mò ń fi lé wa lọ́wọ́, pé ọ̀dọ̀ babaláwo la ti ń wádìí nílẹ̀ Yorùbá, pé Columbo àti Jessica Fletcher kì í ṣe ẹbí wa. Kí ni ká wá ṣe fún Ìjàpá? Ẹ jẹ́ ká rántí bí àlọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọmọ kékeré ti mọ̀ pé Ìjàpá ló jalè, bí àwọn tó ń wo Columbo ṣe máa ń rí apànìyàn kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dé rárá. Bí ọwọ́ yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ ni a jókòó tì. Ohun tó sì máa ń mú un kì í ṣe ọfọ̀. Ó jí àsáró gbígbóná nílé àna rẹ̀, ó dà á sínú fìlà, ó dé e, ó ń kí àwọn ènìyàn pé ó dàbọ̀, ooru àsáró sì tú u fó, orí rẹ̀ pá títí di òní. Ó ń jí nǹkan lóko, olóko gbẹ́ ère, ó fi àtè ra á, Ìjàpá gbá a létí, ọwọ́ lẹ̀. Àsáró lórí, àtè lọ́wọ́: ẹ̀rí tó ṣe é dì mú nìyẹn, gbogbo ìlú sì fojú rí i. Àwọn òǹkọ̀wé wa náà ti ṣe é nínú ìwé. Kọ́lá Akínlàdé kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? ní 1971 àti Owó Ẹ̀jẹ̀ ní 1976. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, jáde nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó sì tún mú un padà wá nínú Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Ìrìn, ìbéèrè, etí tó ṣí àti ojú tó ń ṣọ́ ni wọ́n fi ń tọ ọ̀daràn. Iṣẹ́ yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún lórí pẹpẹ ìwé wa. Tẹlifíṣàn ló yẹ kó mú un sọ̀kalẹ̀ wàyí.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ẹnì kan lè sọ pé: bí ẹ bá mú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọ agbo eégún tàbí ibi orò, ẹ ti sọ pé kó tú awo nìyẹn, ohun tí kò yẹ kí ojú rí yóò wá di ohun tí wọ́n ń polówó ọṣẹ láàrin rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Santini. Columbo mọ̀ pé ọkùnrin náà lè ṣí àgádágodo láìní kọ́kọ́rọ́, ó mọ̀ pé ó lè jáde nínú àpótí. Àmọ́ mímọ idán náà kò tó láti fi dè é. Ohun tó dè é ni rìbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Ẹni tó kú náà ti tẹ lẹ́tà kan nípa irú ẹni tí Santini jẹ́ gan-an. Santini mú lẹ́tà náà lọ, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò mọ̀ pé rìbọ́ọ̀nù irú ẹ̀rọ tuntun bẹ́ẹ̀ kì í gba lẹ́tà méjì lójú kan náà, pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ẹsẹ̀ sí amọ̀. Nínú ọ́fíìsì ẹni tó kú ni ẹ̀rí wà, kò sí nínú àpótí. Bẹ́ẹ̀ náà ni òǹkọ̀wé Yorùbá lè ṣe é. Ó lè fi aṣọ eégún sílẹ̀ ní bíbò, kó má bèèrè ẹni tó wà nínú rẹ̀, kó sì wá olè lọ sídìí ìwé owó tí ẹgbẹ́ fi ń gba ìdáwó, tàbí sínú fóònù ẹni tó ń wa ọkọ̀ àwọn òṣèré. Nílé ayé, awo àti ọ̀ràn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé inú yàrá kan náà. Ọ̀daràn ló máa ń fẹ́ ká rò pé wọ́n ń gbébẹ̀, kó lè rí aṣọ awo fi bora.

Ibì kan wà tí mo gbà pé àwọn eré òyìnbó yìí jẹ̀bi. Ìgbàkúùgbà tí sákọ́ọ̀sì bá dé ìlú nínú wọn, àlejò ni a kọ́kọ́ ń fura sí: ẹni tó kun ojú, ẹni tí kò ní ilé, ẹni tó ń sọ èdè mìíràn. Lóòótọ́, òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ máa ń yí i padà ní ìparí, Neil sì jẹ́ ẹni tí a fẹ́ kí wọ́n dá sílẹ̀. Síbẹ̀, ìfura àkọ́kọ́ yẹn ti wọ ojú olùwòran, kì í sì í tètè jáde. Ìlú bí Ọ̀fà kò lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lásán. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni ojú irin ti gba ibí kọjá láti Òṣogbo lọ sí Ìlọrin. Oníṣòwò, òṣìṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ Pólì, ẹni tó wá ra iṣu: ìlú tó ń ti ara àlejò jẹun ni. Bí a bá máa gbé irú ìtàn yìí kalẹ̀ níbí, a ní láti fi ìwà yẹn gan-an ṣe ọ̀kan nínú ohun tí ìtàn ń wádìí. Kí ìlú fura sí àlejò, kí kámẹ́rà sì jẹ́ kí ìlú rí ojú ara rẹ̀ nígbà tó ń fura.

Ọ̀fà sì mọ ohun tí ẹ̀rí ń náni. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn báńkì nílùú yìí. Èèyàn tó lé ní 30 ni wọ́n pa, ọlọ́pàá 9 wà lára wọn. Ojúmọmọ ni, ìgboro sì kún fún ènìyàn. Ọlọ́pàá gbé àwòrán àwọn afurasí tí kámẹ́rà báńkì yà jáde, wọ́n sì ṣèlérí mílíọ̀nù 5 náírà fún ẹni tó bá ràn wọ́n lọ́wọ́. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Kwara ní Ìlọrin tó dájọ́ ikú fún ẹni 5. Ọdún mẹ́fà ó lé oṣù márùn-ún ni ìlú fi dúró. N kò ní fi òkú wọ̀nyẹn wé òkú inú eré, kò sì sí ẹni tó yẹ kó sáré gbé ọjọ́ náà síwájú kámẹ́rà nígbà tí ojú àwọn ìyá kò tíì gbẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìlú tó jókòó ti ẹjọ́ fún ọdún mẹ́fà mọ̀ ju babaláwo inú fíìmù lọ nípa bí òótọ́ ṣe ń lọ́ra. Bí wọ́n bá ní tẹlifíṣàn náà ń parọ́ nípa àkókò, pé wákàtí kan ni Jessica fi ń mú apànìyàn, mo gbà, irọ́ ni. Àmọ́ àkókò nìkan ló dín kù nínú irọ́ yẹn. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ pé: ìbéèrè, ẹlẹ́rìí, ohun tí ọwọ́ lè dì mú, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tó ní ẹ̀tọ́ láti dáhùn. Nínú ìtàn babaláwo olómi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kù.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n wá ibi tí irú eré yìí ti lè bẹ̀rẹ̀, n kò ní wá àgọ́ sákọ́ọ̀sì kankan kiri. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ Ọ̀fà mọ́ ìjàkadì. Nígbà ọdún, Olófà fúnra rẹ̀ ń wọ̀yá ìjà pẹ̀lú olóyè Ẹ̀sà lójú gbogbo ìlú, kí àwọn ọ̀dọ́ tó wá bọ́ sójú agbo. Agbo yìí yàtọ̀ sí ti Santini pátápátá. Kò sí àpótí níbẹ̀, kò sí ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè yọ́ gbà. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀ ti ṣubú, ọmọ ọdún mẹ́rin ló rí i, arúgbó ló rí i, kò sí àríyànjiyàn. Ohun tí ojú rí ni ìdájọ́. Nítorí náà gan-an ni agbo náà fi dára fún ìtàn ọ̀daràn, torí pé gbogbo ojú tó wà nílùú ló kọjú síbì kan ṣoṣo.

Ẹ fojú inú wò ó: ìlù ń dún, ọmọkùnrin méjì ti di ara wọn mú, ọ̀kan ti ń tẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn èrò, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dá sí, wọ́n ti pa akápò ọdún náà, owó ìdáwó sì ti lọ. Nígbà tí obìnrin ọlọ́pàá tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ máa dé, ìlú ti mú ẹni tó fura sí, oníjàkadì kan tó ti ìlú mìíràn wá. Gbogbo ènìyàn ń sọ ohun tí wọ́n rí, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì rí: ẹsẹ̀ tó yọ̀, ẹ̀yìn tó kanlẹ̀, ariwo. Obìnrin náà kò jiyàn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fi fóònù ya ìjà náà jọ̀wọ́ mú un wá. Ó gba mẹ́rìnlélógún. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì níwájú àgọ́, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wo àwọn oníjàkadì rárá. Àwọn olùwòran tó wà ní òdìkejì agbo ló ń wò, ojú tó tó ọgọ́rùn-ún tí gbogbo rẹ̀ lanu sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà tí ẹ̀yìn kanlẹ̀. Nínú fóònù kẹtàdínlógún, ó fi ìka kan dá àwòrán náà dúró. Nínú gbogbo ojú wọ̀nyẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ẹ̀yìn sí agbo.